Dá Òkúta Padà

Sátidé, aago méje àárọ̀, òtútù Baltimore ń bu ni jẹ.
Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ojú mi pọ́n bí epo,
ṣùgbọ́n Mofẹ́yíntolú ti wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún:
"Dádì, ẹ ṣe kíá, ọkọ̀ ń lọ."

Ọkọ̀ wo ló ń lọ?
Bọ́ọ̀sì funfun kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé,
ọmọ mọ́kànlá nínú rẹ̀, ọmọ àdúgbò bíríkì,
níbi tó jẹ́ pé òpó iná ni igi tó ga jù lọ.
Lorraine Gaskins ló ń kó wọn,
ìyá tó wa bọ́ọ̀sì ìjọba fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n;
ó ti fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì.
Odò Gwynns Falls ni wọ́n ń lọ,
tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé epo, lábẹ́ afárá tó ń kùn.

Mo ti bá ọmọ yìí jiyàn rí.
Mo ní ọkọ́ ni mo sá fún n'Íjẹ̀ṣà,
ọkọ́ àti àdá, àti ìrì tí ń rin ṣòkòtò;
mo wọ bàálù kọjá òkun
kí ọmọ mi má baà fọwọ́ kan ẹrẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn.
Ó ní, "Igi wo nìyẹn?"
Mo dákẹ́.
Èmi tí mo mọ ìrókò yàtọ̀ sí arère lókèèrè!
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń gba abẹ́ igi yẹn kọjá,
n kò bi í rí pé kí lò ń jẹ́.
"Síkámórè ni," ọmọ mi wí,
"kì í ṣe èyí tí Sákéù gùn o.
Èèpo tirẹ̀ ń bó bí awọ ejò."

Lọ́jọ́ náà mo bá wọn lọ, mo ní kí n kàn jókòó.
Lorraine na ìbọ̀wọ́ sí mi, kò bi mí bóyá mo fẹ́.
Táyà mẹ́sàn-án la fà jáde, àti àga kan tí kò lẹ́sẹ̀,
àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí ẹrẹ̀ ti gbé mì dé ọrùn.
Tavon, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀,
di kẹ̀kẹ́ náà mú pẹ́ títí,
ó ní irú ti òun tí wọ́n jí gan-an nìyí.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọdò, wọ́n ń ṣí òkúta wò.
Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí kò tó èékánná,
yanrìn ló fi kọ́lé, hóró kọ̀ọ̀kan,
ó gbé ilé náà wọ̀ bí ẹ̀wù.
Wọ́n kà wọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé:
bí wọ́n bá pọ̀, ara odò ń yá;
bí wọ́n bá tán, odò ń kú lọ nìyẹn.
Èmi náà ṣí òkúta kan. Mo wò ó. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Dádì! Ẹ dá a padà bí ẹ ṣe bá a.
Òrùlé ẹnìkan ni."

Òrùlé ẹnìkan.
Mo rántí odò Àrágbà lẹ́yìn ilé ìyá mi,
àwa ọmọ tó ń ṣí òkúta torí akàn,
a kì í dá ọ̀kan padà.
Omi pọ̀, akàn pọ̀,
a rò pé ohun tó bá pọ̀ kì í tán.
Lálẹ́ mo pe Adégòróyè àbúrò mi, mo béèrè odò.
Ó rín ẹ̀rín tí kò dénú:
"Àwọn awagóòlù ti débẹ̀. Omi ti dà bí tíì oníwàrà.
Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó ra ti inú ọ̀rá."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jí kí Mofẹ́yíntolú tó jí.
Bàtà rọ́bà tí mo rà tóbi jù,
mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn kó má baà bọ́.
Lorraine wò mí láti orí àga awakọ̀:
"Ẹ sún sẹ́yìn, àyè wà."

Odò yìí kì í ṣe Àrágbà.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbé òkúta,
mo kí ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀,
mo dá a padà
jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọmọ ń sùn.